Ìtàn Ìkólòlò: Kí ni Akólòlò Yóò Jẹ kí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Lè Já Geere?



Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí àwọn tí ọ̀rọ̀ máa ń há mọ́ lẹ́nu. Akólòlò ni à ń pè wọ́n. Kò sí ilẹ̀ tí a kò ti lè rí wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún (100) àgbàlagbà, bí ẹnì kan ló ń kólòlò. Láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ márùn-ún nínú 100 ló máa ń kólòlò, ì báà jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tàbí fún ìgbà pípẹ́.

Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, ìbéèrè tó máa ń wá sí ọkàn ìyá rẹ̀ ni pé: "Kí ni mo fún un jẹ? Kí ni kí n fún un jẹ nísinsìnyí? Oògùn wo ni kí n rà?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí aráyé ti ń béèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ lé ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. A ó wo ohun tí wọ́n fi dáhùn. A ó wo èyí tó ṣe iṣẹ́, a ó sì wo èyí tó pa ènìyàn lára.

Kí ni ìkólòlò?

Ẹni tó ń kólòlò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ọgbọ́n rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ ọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ a máa tún ara rẹ̀ sọ: "Ba-ba-ba-baba." Nígbà mìíràn, ohùn a fà gùn: "Mmmmàmá." Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹnu a là, ṣùgbọ́n ohùn kò ní jáde. Ojú a máa ṣẹ́, ọrùn a le, ẹlòmíràn a máa fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè bọ́.

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún. Ìgbà náà ni ọmọ ń kọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ọmọkùnrin tó ń kólòlò pọ̀ ju àwọn ọmọbìnrin lọ. Nínú ọmọ márùn-ún tó bá bẹ̀rẹ̀, bíi mẹ́rin ni yóò bọ́ nínú rẹ̀ fúnra wọn bí wọ́n ti ń dàgbà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sórí rẹ̀.

Ẹ wo ohun kan tí ẹ̀yin pẹ̀lú ti lè rí. Akólòlò tó ń kọrin kì í sábà kólòlò. Bó bá ń ka àdúrà pẹ̀lú àwọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ a máa já geere. Bó bá ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé, tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà a máa já geere. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá béèrè pé, "Kí ni orúkọ rẹ?" ọ̀rọ̀ a há. Ahọ́n kan náà ni o! Bó bá jẹ́ pé ahọ́n ló bàjẹ́, báwo ni ahọ́n tó bàjẹ́ ṣe ń kọrin?

Àwọn ará ìgbàanì

Àwọn onígbàgbọ́ mọ ìtàn Mósè. Nígbà tí Ọlọ́run rán an sí ọba Íjíbítì, ó ní ẹnu òun wúwo, òun kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn mùsùlùmí pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Nínú Àlùkùránì, Músá gbàdúrà kí Ọlọ́run tú kókó tó wà ní ahọ́n òun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìkólòlò ni ìtàn méjèèjì ń sọ. Ẹ kíyè sí ohun tó tẹ̀ lé e. Ọlọ́run kò ní kí Mósè lọ gbé oògùn mu. Arákùnrin rẹ̀ ni a fi ràn án lọ́wọ́. Síbẹ̀, akólòlò náà ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde kúrò lóko ẹrú.

Ní ilẹ̀ Gíríìsì, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Demosthenes. A bí i ní ọdún 384 ṣáájú ìbí Jésù. Ọ̀rọ̀ kì í yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àwọn ènìyàn sì fi í rẹ́rìn-ín níwájú àwùjọ. Ìtàn sọ pé ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́nu, ó sì ń fi wọ́n sọ̀rọ̀. Ó tún lọ sí etí òkun, ó ń sọ̀rọ̀ kí ohùn rẹ̀ lè borí ariwo omi. Ó di ọ̀kan nínú àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó lókìkí jù lọ láyé. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń fi òkúta sí ẹnu akólòlò. Ẹ má ṣe é fún ọmọ yín o! Òkúta lè há ọmọ lọ́fun, kí ó sì pa á. Ìfaradà ló ran Demosthenes lọ́wọ́, kì í ṣe òkúta.

Wọ́n dá oúnjẹ lẹ́bi

Àwọn oníṣègùn àtijọ́ ní Gíríìsì àti Róòmù gbà pé omi, ọ̀gbẹlẹ̀, òtútù àti ooru ló ń bá ara wọn jà nínú ara ènìyàn. Wọ́n ní bí ahọ́n bá tutù jù tàbí bó bá rin jù, kò ní lè yí bó ti yẹ.

Ní ọdún 1583, iṣẹ́ oníṣègùn Ítálì kan tí ń jẹ́ Mercurialis jáde nínú ìwé kan lórí àìsàn àwọn ọmọdé. Ó sọ̀rọ̀ ìkólòlò níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, omi ló pọ̀ jù ní orí akólòlò. Nítorí náà ó ka àwọn oúnjẹ kan léèwọ̀ fún un, ó sì wá ohun tí yóò gbẹ omi náà.

Ní ọdún 1627, ìwé ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, Francis Bacon, jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ní òtútù ló mú kí ahọ́n akólòlò le. Ó ní òun ti rí i pé bí akólòlò bá mu ọtí wáìnì níwọ̀nba, ìkólòlò rẹ̀ máa ń dínkù, nítorí ọtí ń mú ara gbóná.

Títí di òní, àwọn kan wà tí wọ́n ń mu sódabì kí wọ́n tó lọ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí á là á mọ́lẹ̀: ọtí kò wo ìkólòlò rí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ọtí bá dá lójú, ẹ̀rù a padà wá, ìkólòlò a padà wá, owó a sì ti lọ. Akólòlò lè tipa bẹ́ẹ̀ di ọ̀mùtí, kí ó wá ní ìyọnu méjì dípò ọ̀kan.

Wọ́n dá ahọ́n lẹ́bi

Ní ọdún 1841, ní ìlú Berlin ní Jámánì, oníṣẹ́ abẹ kan tó lókìkí gidigidi, Dieffenbach, ní òun ti rí ojútùú. Ó fi ọ̀bẹ gé ẹran kúrò ní ìdí ahọ́n àwọn akólòlò. Nígbà náà, àwọn dókítà kò tíì ní oògùn tí ń mú kí ara kú kí aláìsàn má mọ ìrora. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1846, ni wọ́n fi irú rẹ̀ han gbogbo ayé. Ẹ wo irú ìrora tí àwọn ènìyàn yẹn jẹ! Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Faransé àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sáré tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Àwọn kan kú. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jiná, ìkólòlò àwọn tó yè tún padà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Kí á má rẹ́rìn-ín wọn jù. Nílé wa níhìn-ín pẹ̀lú, àwọn kan ṣì ń fi abẹ gé okùn abẹ́ ahọ́n ọmọ kí ó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Gígé yìí kì í wo ìkólòlò. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè ṣàn kọjá ààlà. Abẹ tó dọ̀tí lè fún un ní tétánọ́ọ̀sì, àìsàn tí ń mú kí ẹnu há pa tí ó sì ń pa ènìyàn. Bí ìkókó kò bá lè fa ọmú, tí ẹ sì rò pé ahọ́n rẹ̀ so mọ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìkólòlò.

Wọ́n dá ọmọ lẹ́bi

Nígbà tí ọ̀bẹ kò ṣe é, àwọn kan yíjú sí ọmọ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ó ń ṣe ọ̀lẹ ni, tàbí pé ó ń ṣe orí kunkun. Wọ́n ń bá a wí, wọ́n ń nà án.

Ní ọdún 1939, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ṣe ohun búburú kan. Wọ́n mú ọmọ òrukàn 22 ní ilé tí a ti ń tọ́jú wọn. Àwọn kan wà nínú wọn tí ọ̀rọ̀ wọn já geere, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún wọn pé wọ́n ti ń di akólòlò. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lanu ni wọ́n ń tọ́ka àṣìṣe wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn ọmọ náà. Àwọn mìíràn kò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ wọn falẹ̀. Àwọn kan gbé ìbẹ̀rù náà dàgbà. Ọdún 2001 ni yunifásítì náà tó tọrọ àforíjì ní gbangba.

Ẹ wo ilẹ̀ wa náà. Ní ayé ìjọba àwọn Faransé, tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dàhómì, wọ́n máa ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ ní ilé ìwé. Wọ́n á fi àmì kan kọ́ ọ lọ́rùn kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wo bí yóò ti rí fún ọmọ tó jẹ́ akólòlò! Àwọn kan ṣì ń sọ pé èdè méjì ló ń fa ìkólòlò, kí a má sọ èdè wa sí ọmọ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè gbọ́ èdè Ṣábẹ̀ẹ́ àti Faransé pọ̀ láìsí ewu.

Wọ́n wá fítámì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn onímọ̀ rí i pé ohun kékeré kan wà nínú oúnjẹ tí ara kò lè ṣe aláìní. Ní 1912 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní fítámì. Ìmọ̀ ńlá ni. Ẹni tí kò bá rí fítámì B1 jẹ tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kú, ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dán fítámì wò fún oríṣiríṣi ìṣòro.

Ní ọdún 1951, olùwádìí Amẹ́ríkà kan, Lester Hale, kọ ìròyìn lórí fítámì B1 àti àwọn ọmọ tí kò tíì tó lọ sí ilé ìwé. Ó ní ó jọ pé ó ran àwọn tó kéré jù nínú wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń gbé e káàkiri pé B1 ni oògùn ìkólòlò.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Nínú ọmọ kékeré márùn-ún, mẹ́rin ni yóò bọ́ nínú rẹ̀ fúnra wọn. Bí àgbẹ̀ kan bá bu omi sí ebè rẹ̀ lónìí, tí òjò ńlá sì rọ̀ lọ́la, tí àgbàdo rẹ̀ hù, ǹjẹ́ ó lè búra pé igbá omi òun ló mú un hù? Kí á tó mọ òtítọ́, a gbọ́dọ̀ bu omi sí ebè kan, kí á fi èkejì sílẹ̀, kí á wá fi méjèèjì wéra. Títí di òní, kò sí fítámì kan tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ti fi hàn pé ó ń wo ìkólòlò. Kò sí hóró oògùn kan pàtó tó ń wò ó.

Ṣé oúnjẹ kò wúlò ni? Ó wúlò púpọ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, sójà, ọkà bàbà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni kí ẹ máa fún ọmọ. Fítámì B1 pọ̀ nínú ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Ara tó le a máa ran ọkàn lọ́wọ́. Ọmọ tí ebi ń pa, tí kò sùn dáadáa, tí ó sì rẹ̀, lè kólòlò ju bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ó jẹun, kí ó sùn. Ṣùgbọ́n ẹ má ta ewúrẹ́ nítorí àtira oògùn ìkólòlò lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri ọjà. Owó ẹ̀wà ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín yẹn.

Kí ni a mọ̀ nísinsìnyí?

A mọ̀ pé ọ̀nà tí ọpọlọ gbà ń ṣètò ọ̀rọ̀ ló yàtọ̀ díẹ̀ nínú akólòlò. A tún mọ̀ pé ó sábà máa ń wà nínú ìdílé. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò àwọn ìdílé kan ní Pakístàn, wọ́n sì rí ohun àjogúnbá kan tó ń dá kún un. Ní 2015, wọ́n gbé èsì mìíràn jáde láti inú ìdílé ńlá kan ní Kamẹrúùnù, ní ìhà ilẹ̀ wa níbí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn inú rẹ̀ ń kólòlò. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Kì í ṣe oúnjẹ tó jẹ nígbà tó lóyún. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe pé ọmọ náà fi akólòlò ṣe ẹlẹ́yà. Ìkólòlò kì í ràn.

Ìbẹ̀rù àti àníyàn kọ́ ló ń dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dá kún un, bí afẹ́fẹ́ ti ń dá kún iná. Ibẹ̀ ni ọwọ́ wa ti lè ṣiṣẹ́.

Ẹ wo ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Kẹfà. Akólòlò ni láti kékeré. Ní 1925, kí ó tó jọba, ó sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, rédíò sì ń gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ há, ojú tì í. Ní 1926 ó lọ bá ọkùnrin ará Ọsirélíà kan, Lionel Logue. Logue kì í ṣe dókítà. Kò fún un ní ohun mímu kankan, kò sì mú ọ̀bẹ. Ó kọ́ ọ bí a ti ń mí, bí a ti ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, bí a ti ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó bá a jókòó bí ọ̀rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, nígbà tí ogun ńlá bẹ̀rẹ̀, ọba náà bá gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sọ ọ́ dé òpin. Ìkólòlò kò kúrò lára rẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n kò lè pa á lẹ́nu mọ́.

Joe Biden pẹ̀lú, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà láti 2021 sí 2025, kólòlò nígbà ọmọdé. Ó ń ka ewì sókè níwájú dígí títí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Fún àwọn ọmọ kéékèèké, àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ ní Ọsirélíà gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Òbí ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n ń kọ́ ọ kí ó máa yin ọmọ nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá já geere. Wọ́n dán an wò bí àgbẹ̀ ti ń fi ebè méjì wéra. Ní New Zealand, wọ́n pín ọmọ 54 sí ọ̀nà méjì. Èsì rẹ̀ jáde ní 2005: lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ tí òbí wọn gba ẹ̀kọ́ náà kólòlò níwọ̀nba ju àwọn yòókù lọ.

Ohun tí a lè ṣe nílé

1. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ó parí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

2. Ẹ má sọ pé, "Yára sọ ọ́!" Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ yóò kọ́ ọ lára yín.

3. Ẹ wò ó lójú bó ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹ má ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ há.

4. Ẹ má nà án, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé.

5. Nípa ìkíni: bí ọmọ bá kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀, tí "ẹ káàárọ̀" kò tètè jáde, ẹ má pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Eékún rẹ̀ ti kí yín.

6. Ẹ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà láti dáhùn lè mọ ìdáhùn náà ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí èyí.

7. Bó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ tí kò dínkù, tàbí tí ọmọ ń sá fún ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn bí ẹ ṣe lè rí olùtọ́jú ọ̀rọ̀. Orthophoniste ni àwọn Faransé ń pè é. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 2000 ni ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lómé, ní Tógò tó wà nítòsí wa, ti ń kọ́ wọn.

8. Bí àgbàlagbà tí kò kólòlò rí bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá kan rẹ̀ sì rọ, ẹ má dúró o! Ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Láti ọdún 1998, ọjọ́ kejìlélógún (22) oṣù kẹwàá ni ọjọ́ àwọn akólòlò ní gbogbo ayé.

Àwọn baba wa ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Wọn kò ní kí a gé ahọ́n rẹ̀. Wọn kò ní kí a fún un lọ́tí. Wọ́n ní yóò pè é. Iṣẹ́ tiwa ni kí á dúró, kí á sì dákẹ́ títí yóò fi pè é.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí orin fi ń já lẹ́nu akólòlò, tí orúkọ rẹ̀ kò sì já?

2. Bí oògùn kan bá "wo" ọmọ ọdún mẹ́ta, kí ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè?

3. Ta ni akólòlò ní àdúgbò yín? Nígbà wo ni ẹ jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn?